Mo Lọ Wo Àwọn Ọmọ Tí Mo Ń Kọ́ ní Ute

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá mi dúró lọ́nà ọjà, lẹ́nu géètì ilé-ìwé, àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àlùfáà ṣì ń wàásù, pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí, ẹ jókòó. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ ní ìdajì-ìdajì. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìṣirò ni mo ń kọ́ni. Nígbà tí àrùn lé gbogbo ayé wọlé, tí wọ́n ti ilé-ìwé pa, tí àwọn ọmọ wa ń rìn káàkiri àdúgbò bí ewúrẹ́ tí kò lólówó, ni mo gbé fóònù mi ti ara ìkòkò omi, mo kọjú sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdá fún un, ẹ̀kọ́ tí a fi ń pín odidi nǹkan sí wẹ́wẹ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ta ní ń bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí Wọ́sáàpù. Àwọn òbí fi ránṣẹ́ sí ẹbí wọn, ẹbí fi ránṣẹ́ sí ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ilé-ìwé ṣí padà, n kò ṣíwọ́. Ohùn mi ń rìnrìn-àjò, èmi alára wà ní Ṣakí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pè mí. Ó ní Màmá Adéọlá ni wọ́n ń pe òun, pé ọmọ Ìyèré lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni òun. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà ló dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Ute, ìlú ọkọ rẹ̀.

"Àwọn ọmọ mi mọ ohùn yín ju ohùn tèmi lọ," ló wí. "Àǹtí Ìṣirò ni wọ́n ń pè yín. A fẹ́ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ṣí i, kí wọ́n lè rí i pé ènìyàn ni yín."

Kí wọ́n lè rí i pé ènìyàn ni mí! Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde nílé.

*

Ẹni tó bá ti Òkè-Ògùn wá kò lè wọ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ kó má ṣe bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ sínú ilé. Lọ́dọ̀ wa, ojú ń rí jìnnà. Bí màlúù bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ògbóòrò, a ti rí eruku rẹ̀ kó tó dé. Ṣùgbọ́n bí a ti kọjá Àkúrẹ́, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ títì. Igi kòkó dúró lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá, ewé tútù ń rùn sínú ọkọ̀, àwọn òkè sì ń yọrí lẹ́yìn igbó bí àgbàlagbà tó ń yọjú lójú fèrèsé. Mo gbàgbé láti sùn.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì tẹ́tí. Ẹ̀yin ará ilé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, mo mọ̀ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta á yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Èmi tí mo fi èdè yìí jẹun láti kékeré! Ìgbà tí mo bi í léèrè ọ̀nà, ó gbójú sókè.

"Ṣé ará Ọ̀yọ́ ni yín ni?"

"Ṣakí ni mo ti wá."

"Háà! Ọ̀nà jìn o. Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú àárẹ̀." Lójú ẹsẹ̀ náà ló yí ahọ́n padà bí ẹni tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ tó wọ aṣọ àlejò, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé mi kedere. Ó fa àga fún mi. Ó fi bọ̀ọ̀lì gbígbóná lé mi lọ́wọ́, kò sì gbà kí n tọwọ́ bọ àpò. Ó ní àlejò kì í ra oúnjẹ àkọ́kọ́ tó máa jẹ ní ìlú. Mo bi í bóyá àṣà Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, àṣà tòun ni.

Ibẹ̀ ni Màmá Adéọlá ti wá bá mi. Ó kúrú, ó rí fíńfín, awò wà lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì wa ọkọ̀ wá. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Àbí ẹ kò tiẹ̀ ga? Nínú fóònù, ńṣe lẹ máa ń kún gbogbo ojú ẹ̀rọ." Ó bi mí bí ọmọ mi àgbà ṣe dàgbà tó. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Ah, àbúrò mi pátápátá ni ọ́." Láti ìgbà yẹn ni "ẹ" ti di "o", ara sì tù mí. Ẹni tó bá ń pe àlejò ní "ẹ" láti àárọ̀ dalẹ́ kò tíì gbà á sílé tán.

Bí a ti ń lọ, àwọn olóyè kan ń bọ̀ láti apá ààfin. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn àti bí wọ́n ṣe ró aṣọ funfun mọ́ ìdí jọ ti àwọn ará Ìbíní tí mo máa ń rí nínú àwòrán. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó mirí. "Ọ̀rọ̀ àwa àti Ìbíní ti pẹ́," ló wí, ó sì fọn fèrè ọkọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì méjì tó ń rìn láàárín títì tí ojú wọn wà nínú fóònù.

*

Ìyèré ni ilé Màmá wà. Ẹ má bi mí léèrè iyán ibẹ̀, nítorí bí mo bá rántí rẹ̀, oúnjẹ ilé mi kì í dùn mọ́. Iṣu yẹn funfun, kò ní kókó kankan, ó sì ń fà bí ẹni pé ó fẹ́ kí ọwọ́ pẹ́ lára òun. Ẹ̀gúsí tó bá a rìn ní ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe àṣìṣe pé mo béèrè bóyá a lè rí ọkà jẹ.

"Ọkà?" Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èyí dúdú yẹn? Kí ni iṣu tútù ṣe fún yín ní Ṣakí tẹ́ ẹ fi ń sá a sóòrùn?"

Èmi náà gbẹ̀san. Mo ti gbé wàrà lọ́wọ́ wá láti ilé. Mo dín in, mo sì gbé e síwájú òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin kan rọra bi mí pé ẹja ni àbí ẹran, àti pé ibo ni egungun rẹ̀ wà. Nígbà tí mo ní omi ọmú màlúù ni, ó gbé èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó tún mú un.

Láàárín ara wọn, èdè ilé wọn ni wọ́n ń sọ. "Ulé" ni wọ́n ń pe ilé, "ọma" ni wọ́n ń pe ọmọ, orúkọ ìlú ńlá wọn gan-an, bí ẹnu tiwọn bá pè é, a di "Ọ̀ghọ̀", tí wọ́n á fa ohùn náà jáde láti ọ̀fun. Etí mi sì gbọ́ ohun kan tó fẹ́ẹ̀ mú mi fò sókè: ọmọdé ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí "ẹ" níbẹ̀, àfi "wo", ìyẹn "o" tiwa, ṣáá. Mo wo ojú ìyá àgbà pé yóò bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá ní, "Ìbọ̀wọ̀fágbà tiwa wà nínú ohùn àti nínú eékún. Ẹ̀yin lẹ kó tiyín sínú 'ẹ'."

Lórí oúnjẹ àárọ̀ kan ló ti sọ ohun tó ba ọkàn mi jẹ́ fún mi. Inú rẹ̀ ń dùn bó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ fún mi ní ẹ̀bùn.

"Lọ́jọ́ tí a bá ṣí yàrá kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ kéde rẹ̀ fún àwọn òbí. Láti sáà tó ń bọ̀, ìwọ ni tíṣà ìṣirò wa. Fídíò rẹ la ó máa lò. Ẹni tó máa tanná sí ẹ̀rọ, tó máa pa á, nìkan la nílò."

"Ẹni tó ń kọ́ wọn báyìí ńkọ́, Mà?"

"Bámidélé? Ọmọlúàbí ni. N kò ní lé e bí ajá, mo máa bá a wá iṣẹ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ dáa jù ú lọ, gbogbo wa la mọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí ló dé tí wọn ò ní gba èyí tó dáa jù?"

Ènìyàn burúkú kọ́ ni Màmá. Bí mo bá sọ ọ́ fún yín bí ìkà, irọ́ ni mo pa. Ó fẹ́ ohun tó dára fún àwọn ọmọ náà ni. Àti pé, kí n má parọ́, ìyìn yẹn dùn létí mi. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ̀, kò lọ mọ́.

*

Ute wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, oko ló sì yí i ká. Nígbà tí ọkọ̀ wa wọ ọgbà ilé-ìwé, àwọn ọmọ ti tò síta. Mo sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Òun ni."

"Kì í ṣe òun. Tinú fóònù sanra."

"Òun ni jàre. Ẹ wo èjí rẹ̀."

Mo la ẹnu, mo sì kí wọn bí mo ṣe máa ń kí wọn nínú fídíò: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ múra sílẹ̀!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ariwo tó sọ! Ẹyẹ fò lórí igi. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ mi, ọ̀kan tẹ apá mi wò bí ẹni ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bóyá ó ti pọ́n. Omi bọ́ lójú mi. N kò mọ ẹnì kankan nínú wọn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ mí.

Wọ́n ní kí n kọ́ kíláàsì kan. Mo wọlé pẹ̀lú ìgboyà, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdá. Mo sọ ọ́ dáadáa, èmi náà mọ̀. Mo wá béèrè bí mo ti máa ń béèrè, "Ṣé ó yé yín?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo tún béèrè. Ọmọbìnrin kan níwájú ń mi orí sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo tẹlifíṣàn. Ẹnì kan yán síta níṣojú mi, kò tilẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan lẹ́yìn yọ ẹ̀pà jáde, ó ń jẹ ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹjú mọ́ mi láìṣojo. Mo rò pé bóyá mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Bóyá wọn kò fẹ́ràn mi lójúkojú. Níkẹyìn, ọmọbìnrin tó wà níwájú na ọwọ́ sókè, orúkọ rẹ̀ ni Mojísọ́lá, inú mi sì dùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, dúró níbẹ̀, ó di ara ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Tíṣà Bámidélé nìyẹn.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé fídíò yín wá, bẹ́ ẹ bá ti ní 'Ṣé ó yé yín?', gbogbo wọn á pariwo 'Bẹ́ẹ̀ ni, Mà!', ó yé wọn o, kò yé wọn o. Mo wá sọ fún wọn pé, 'Ẹ má dá fóònù lóhùn. Kò gbọ́ yín. Èmi ni kẹ́ ẹ dá lóhùn.'" Ó yíjú sí wọn. "Ó yé yín?"

Ọwọ́ gba gbogbo yàrá. "Kò yé mi, Sà!" "Ó yé mi, ṣùgbọ́n kò yé Káyọ̀dé!" "Sà, kí ló dé tí nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ ń pọ̀ tí nǹkan náà wá ń kéré?" Ẹlẹ́pà gbé ẹ̀pà rẹ̀ mì, ó sì béèrè ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo wọn. Mo dúró, mo di ṣọ́ọ̀kì mú. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ sì mọ àwọn ọmọ wa: "kò yé mi" ṣòro fún wọn láti sọ ju kí wọ́n jẹ pàṣán lọ. Níbí, ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń béèrè omi.

*

Ní ọjọ́ Sátidé, Bámidélé ní kí n wá wo ilé òun ní Ìdásẹn. Màmá gbà, ó ní kí n lọ jẹ afẹ́fẹ́ oko. Iṣu tuntun ti jáde, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kí wa kú ìrìn. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná bi í pé ṣé ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ó ní, "Ọ̀gá mi ni wọ́n." Obìnrin náà tún mi wò, ó ní, "Kí ọ̀gá náà wá jẹun o."

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, àwọn ọmọ ti dúró dè é. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Màmá, àwọn mìíràn kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Bámidélé gbé fóònù rẹ̀ lé orí àga, ó so agbóhùnjáde kékeré kan mọ́ ọn, ni mo bá rí ara mi. Ohun àjèjì ni láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ, kí èèyàn máa wo ara rẹ̀ tó ń kọ́ni. Nínú fídíò náà, mo bó ọsàn, mo pín in, mo ní, "Ẹ wò ó, ìdá kọ̀ọ̀kan dọ́gba."

Bámidélé dá a dúró. "Ṣé òótọ́ ni Àǹtí sọ?"

Mojísọ́lá dìde. Ó wò mí, ó wo fóònù. "Kì í ṣe òótọ́, Sà. Awẹ́ ọsàn kì í dọ́gba. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún Àǹtí kéré."

Ẹnu mi yà. Mo sún mọ́ fóònù náà, mo wò ó. Ó kéré lóòótọ́! Ọmọ yìí rí ohun tí èmi tí mo mú ọsàn náà lọ́wọ́ kò rí. Mo bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn náà sì rẹ́rìn-ín. Bámidélé bi wọ́n pé báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé nǹkan dọ́gba. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan ní kí wọ́n wọn ìwúwo, nítorí orí iṣu kì í tóbi bí ìdí. Bámidélé ń bá wọn sọ èdè ilé wọn, ó tún padà sí Yorùbá tó yé mi, ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ìdánwò máa ti béèrè rẹ̀. N kò lè ṣe ìyẹn láti Ṣakí láéláé.

Nígbà tí àwọn ọmọ túká, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, a ń jẹ iṣu tí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́.

"Kí n sọ òótọ́ fún yín, Àǹtí," ni Bámidélé wí. "Kí fídíò yín tó dé, ojú ewé ìdá yẹn, sísáré ni mo máa ń sáré kọjá. Òun náà ò yé mi dénú. Mo máa ń wò yín ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí n tó gun ọ̀kadà lọ sí Ute. Èmi lẹ kọ́kọ́ ń kọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa gan-an. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kọjú sí pátákó, mo máa ń kọ̀wé títí agogo á fi lù. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n mọ̀. Ní báyìí, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, ojú mi ráyè. Ojú wọn ni mo ń wò. Mo ti mọ ẹni tí kò jẹun wá. Mo ti mọ ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé ó yé òun. Àǹtí, mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kí n tó di tíṣà."

Mo fẹ́ sọ ohun tí Màmá ń gbèrò fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Àlejò ni mí, àlejò a sì máa lójú ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Mo gbé iṣu sẹ́nu dípò rẹ̀. Kí a tó lọ, ó di iṣu tuntun fún mi, ó ní kí n fi jẹ iyán ní Ṣakí, kí n má sì sá a sóòrùn.

*

Ọjọ́ ìṣíde dé. Wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù sí ẹnu ọ̀nà yàrá tuntun, àwọn òbí kún gbọ̀ngán, àlùfáà Áńgílíkà gbàdúrà tó kan kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Màmá dìde, ó yìn mí títí mo fi ń wá ibi tí mo máa fi ojú mi sí. Mo mọ̀ pé ìkéde náà ló kàn. Ṣùgbọ́n ó ní kí èmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Mo ní, "Ẹ̀yin òbí wa, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí àwọn ọmọ yín ń jẹ." Mo ní kí Mojísọ́lá tan fídíò mi sí ojú ẹ̀rọ ńlá.

Àwọn òbí gbọ́ mi tọkàntọkàn. Tinú fídíò béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbọ̀ngán dákẹ́. Tinú fídíò ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó ti oko wá, tí amọ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀, dìde.

"Kò yé mi o!"

Tinú fídíò kò wo ibi tó wà. Ó ti bọ́ sí ìdá mẹ́rin.

"Mo ní kò yé mi! Ìdá mẹ́ta yẹn, níbo ló gbà?"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngán. Màmá fúnra rẹ̀, níjòókòó iwájú, na ọwọ́ sí ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. "Ẹ dúró ná, ẹ dá a dúró! Bàbá ń béèrè nǹkan."

Mojísọ́lá dá a dúró. Mo yíjú sí Màmá, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mi má baà le. "Ó ti dúró, Mà. Ta ló máa wá dá Bàbá lóhùn?"

Gbogbo àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Tíṣà Bámidélé!"

Ó dìde láti ibi tó jókòó sí nítòsí fèrèsé. Ojú tì í díẹ̀. Ó lọ bá bàbá náà níbi tó dúró sí, ó fi èdè ilé wọn bi í nípa oko tí bàbá náà àti àwọn àbúrò rẹ̀ jọ pín, àti ìdí tí ẹ̀kẹta wọn fi ń ráhùn. Gbogbo ìlú ló mọ ìjà yẹn. Ẹ̀rín sọ. Bàbá náà fi ìka kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ sì là. "Áà! A jẹ́ pé èmi ni mo rẹ́ wọn jẹ!" ló wí, tí gbogbo gbọ̀ngán fi pàtẹ́wọ́.

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún pẹ́. Nígbà tí ó tún gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó ké sí àlùfáà, ó gé ríbọ́ọ̀nù. Kò kéde ohunkóhun.

Nínú ọkọ̀, ojú títì nìkan ló ń wò títí a fi rí ilé Ìyèré lọ́ọ̀ọ́kán.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," ló wí.

"Ẹ dákun, Mà. Ẹ má bínú."

"Mo bínú." Ó wọ ọgbà ilé, ó pa ọkọ̀. "Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni mo fi ń ronú. Wá jẹun."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, òun ló gbé mi lọ sí ibùdókọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ó ti di àsun, ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi ata sun, sínú ewé fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ ń pe èrò.

"Mo lọ sílé Bámidélé lánàá," ló wí. "Mo ní kó máa ṣe alábòójútó yàrá kọ̀ǹpútà náà, kó sì máa kọ́ ìṣirò rẹ̀ lọ. Mo ní ìwọ yóò máa yọjú láti Ṣakí ní Ọjọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ, kí àwọn ọmọ máa bi ọ́ ní ìbéèrè lójúkojú, kí òun wà láàárín yín. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Mà. Tayọ̀tayọ̀."

"Bámidélé náà dúpẹ́. Mo wá rò ó pé kò yẹ kí n fi irọ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti fẹ́ dá a dúró níṣẹ́, pé ìwọ ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀." Ó wo ìsàlẹ̀. "Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ kó o tó wá rárá."

Mo rántí ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì. Mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdásẹn, bó ṣe ń fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ hàn mí láìfi ohunkóhun pamọ́, èmi tí wọ́n fẹ́ fi lé e lọ. "Ọ̀gá mi ni wọ́n," ló sọ fún obìnrin onígi ìdáná.

"Mo bi í," Màmá tẹ̀ síwájú, "mo ní, 'Bámidélé, o mọ̀, o sì ń jí lójoojúmọ́, o ń gun ọ̀kadà wá sí Ute, o ń kọ́ wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan?'"

"Kí ló wí, Mà?"

Màmá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ dáadáa. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ní, 'Àwọn ọmọ ò kúkú mọ̀ sí i, Mà. Wọ́n ń retí mi láràárọ̀.'"